Dọ́là Kan àti Ogójì Sẹ́ńtì

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1964, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún parí, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbé ìlànà tuntun kan jáde ní Washington. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè máa kà á kó sì sùn lọ: ìpínrọ̀ ń tọ́ka sí ìpínrọ̀, abala ń tọ́ka sí abala. Àmọ́ nígbà tí ìròyìn rẹ̀ dé etí àwọn olóko ńlá ní California, oorun dá lójú wọn. Iye owó kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá nínú ìwé náà, wọ́n sì rí i. Olóko tó bá fẹ́ kó alágbàṣe wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà lọ ọmọ onílẹ̀ ní dọ́là 1.40 fún wákàtí kan. Ó dìgbà tí kò bá sí ẹni tó wá gbà á ní iye yẹn kí ìjọba tó dá a lóhùn.

Dọ́là kan péré ni ìjọba là sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ náà ní 1962. Ogójì sẹ́ńtì tó gorí rẹ̀ yìí ni gbogbo wọn fi ọdún 1965 jà lé lórí.

Ẹni tó buwọ́ lu ìlànà náà kì í ṣe àgbẹ̀. Lọ́yà ni. Ìlú DeKalb ní ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n ti bí Willard Wirtz ní 1912. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Harvard, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin ní yunifásítì Northwestern, ó sì bá Adlai Stevenson ṣiṣẹ́ lọ́yà ní Chicago. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń parí aáwọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Nígbà tí Ààrẹ Kennedy gorí oyè ní 1961, ó fi Wirtz ṣe igbákejì Arthur Goldberg, lọ́yà mìíràn tó ti gbẹjọ́ rò fún àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1962, Goldberg di adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, Wirtz sì jókòó sórí àga rẹ̀, ipò tí àwa níbí ń pè ní mínísítà.

Lẹ́yìn mínísítà, àwọn lọ́yà ìjọba mìíràn wà tí ìwé ìròyìn kì í dárúkọ wọn. Iṣẹ́ wọn kò jọ ti lọ́yà inú fíìmù tó ń fọwọ́ gbá tábìlì níwájú adájọ́. Ìwé ni wọ́n ń kọ, ìwé ni wọ́n ń kà. Olóko kọ lẹ́tà wá láti California pé òun kò rí ẹni bá òun ká lẹ́túùsì. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ fi àkọsílẹ̀ owó ọ̀yà ránṣẹ́ láti Texas. Aṣojú ìjọba Mẹ́síkò fi ẹ̀sùn sùn pé àwọn ọmọ ìlú òun kò rí oúnjẹ gidi jẹ ní ibùdó kan. Gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ wá sórí tábìlì lọ́yà, lọ́yà náà ni yóò sì sọ ohun tí òfin gba mínísítà láyè láti ṣe.

Òfin tó ń darí wọn nígbà náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Public Law 78, tí Ààrẹ Truman buwọ́ lù ní oṣù Keje 1951. Abala kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé òun ni òpó gbogbo ilé. Ó ní kí alágbàṣe kankan má wọlé láti Mẹ́síkò àyàfi bí mínísítà bá jẹ́rìí sí ohun mẹ́ta: pé ọmọ onílẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ náà, tó sì fẹ́ ṣe é, kò tó, pé wíwá àlejò kò ní pa owó ọ̀yà àti ìgbé ayé ọmọ onílẹ̀ lára, àti pé olóko ti sa ipá tó yẹ láti wá ọmọ onílẹ̀ kó tó ké gbàjarè sí ìjọba. Gbólóhùn mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Olóko kò ní sọ pé òun rí òṣìṣẹ́ nígbà tó mọ̀ pé ìjọba máa bá òun kó ẹgbẹ̀rún ọkùnrin wá láti òdìkejì ààlà.

Ogun ló bí ètò náà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ 1942, Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn ọkùnrin Mẹ́síkò wá bá Amẹ́ríkà ṣe oko nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ wà lójú ogun. Bracero ni wọ́n ń pe àwọn tó wá. Ìwé àdéhùn wọn dára lójú. Olóko máa pèsè ibùgbé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n máa san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, owó ọ̀yà kò gbọ́dọ̀ dín sí ọgbọ̀n sẹ́ńtì fún wákàtí kan. Wọ́n tún fi ohun kan sí i tí ọ̀pọ̀ alágbàṣe ọmọ Amẹ́ríkà kò ní rí: bí iṣẹ́ kò bá tilẹ̀ sí, olóko gbọ́dọ̀ san owó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọjọ́ tó wà nínú àdéhùn. Ìjọba Mẹ́síkò gan-an lo agbára tirẹ̀. Nítorí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n ń hù sí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Texas, kò jẹ́ kí bracero kankan dé ìpínlẹ̀ yẹn fún ọdún bíi mélòó kan.

Ogun parí, ètò kò parí. Láàárín 1942 sí 1964, wọ́n kọ ìwé àdéhùn tó tó mílíọ̀nù 4.6, nítorí ẹlòmíràn padà wá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọdún 1956 ló pọ̀ jù, nígbà tí 445,197 wọlé láàárín ọdún kan ṣoṣo. Òwú ni wọ́n lọ já ní Texas àti Arkansas, wọ́n lọ ká lẹ́túùsì, tòmátì àti ọsàn òyìnbó ní California.

Fọ́tò tí Leonard Nadel yà ní 1956, tó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian báyìí, ṣàfihàn bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n wọlé. Ní ibùdó Hidalgo ní Texas, àwọn ọkùnrin tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìhòòhò. Ọkùnrin kan tó fi nǹkan bo imú ń fín òògùn apakòkòrò DDT sí wọn lójú àti lára. Kò sí ibì kankan nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ṣe é.

Ibi tí ìwé àti oko ti yà lọ́nà pátápátá ni ọ̀rọ̀ owó. Òfin ní kí wọ́n san iye tí wọ́n ń san ládùúgbò náà fún bracero. Kí àkókò ìkórè tó wọlé, ẹgbẹ́ àwọn olóko á ṣèpàdé, wọ́n á fẹnu kò lórí iye tí wọn yóò san. Òṣìṣẹ́ ìjọba á wá ṣèwádìí nípa iye tí wọ́n ń san ládùúgbò, àwọn olóko kan náà á sì dá a lóhùn. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí nípàdé ló máa wá di owó ọjà tí ìjọba fọwọ́ sí. Ọmọ onílẹ̀ tó bá ní òun ò gbà, kó máa lọ. Bracero ń bọ̀. Nígbà tó bá ti lọ tán, olóko á kọ̀wé sí Washington pé ọmọ onílẹ̀ kò fẹ́ ṣiṣẹ́ oko mọ́.

Ẹni tó fa aṣọ lójú ọ̀rọ̀ yìí ni Ernesto Galarza. Abúlé kan ní Nayarit ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti bí i, ó bá ìdílé rẹ̀ dé California lọ́mọdé, ó ká èso nínú oko, ó sì kàwé títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, ó ń lọ láti ibùdó kan sí òmíràn, ó ń bá àwọn bracero jókòó, ó ń ní kí wọ́n mú ìwé àdéhùn wọn jáde, kí wọ́n mú ìwé owó oṣù wọn náà jáde. Ó wá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1956, Strangers in Our Fields, kò sọ ju ohun tí ìwé méjèèjì sọ lọ, síbẹ̀ ó bí àwọn olóko nínú gidigidi. Kò sí lọ́yà tí kò mọ̀ pé kò sí ẹ̀rí tó burú fún ẹni tó jẹ̀bi ju ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ lọ.

Ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ sí yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní ìparí oṣù Kọkànlá 1960, ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹun ìdúpẹ́ wọn, Edward R. Murrow gbé ètò Harvest of Shame sáfẹ́fẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n CBS. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tòlótòló tán rí ibi tí àwọn tó ń kórè oúnjẹ wọn ń sùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kámẹ́rà yà kì í tilẹ̀ ṣe àlejò. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, dúdú àti funfun. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì nínú oko lẹ́túùsì ní Imperial Valley. Òfin kò gbà kí wọ́n fi bracero dí àyè ẹni tó yanṣẹ́ lódì, ìjọba sì ní kí wọ́n kó wọn kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Kennedy ń buwọ́ lu àfikún ọdún méjì fún òfin náà ní 1961, ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun mọ̀ pé ètò náà ń pa àwọn òṣìṣẹ́ oko ọmọ onílẹ̀ lára. Ó ní kí mínísítà òun lo gbogbo agbára tí òfin fún un. Àṣẹ yẹn ni àwọn lọ́yà ìjọba ń dúró dè. Gbólóhùn kejì nínú àwọn mẹ́ta yẹn, èyí tó ní kí àlejò má pa owó ọ̀yà ọmọ onílẹ̀ lára, ni wọ́n gbé jáde. Bí ìpàdé àwọn olóko bá ti ba iye tó wà lọ́jà jẹ́, kí ni ìjọba tún ń wádìí lọ́jà fún? Ní 1962, wọ́n pa ìwádìí ọjà yẹn tì, wọ́n sì là iye owó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fúnra wọn: ọgọ́ta sẹ́ńtì ní Arkansas, dọ́là kan ní California. Olóko tí kò bá lè san án, kó má gba bracero.

Ohun tí ìwé kékeré yìí ṣe kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ìwàásù ti ṣe. Àwọn olóko òwú ní Texas bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹ̀rọ. Iye bracero ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn aṣòfin tó ń jà fún ètò náà sì ń dín kù. Ní oṣù Karùn-ún 1963, ilé ìgbìmọ̀ aṣojúṣòfin dìbò lòdì sí fífa òfin náà gùn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n to àga sí lẹ́yìn láti fi ṣe bọ́ọ̀sì ń gbé àwọn bracero bọ̀ láti oko ní Chualar, ní àfonífojì Salinas. Rélùwéè akẹ́rù kan gbá a níbi tí ọ̀nà ti dá ojú irin kọjá. Ọkùnrin 32 ló kú. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́, tí Adam Clayton Powell ń darí, gbé Galarza dìde kó lọ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní ìparí ọdún, ọdún kan péré ni wọ́n fi kún un. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1964 ni ọjọ́ ìkẹyìn. Lee Williams, òṣìṣẹ́ ìjọba tó darí ètò náà ní iléeṣẹ́ Wirtz ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, ti ẹnu ara rẹ̀ pè é ní ẹrú tí òfin fọwọ́ sí.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ. Òfin kan kú, òmíràn ṣì wà láàyè. Òfin ìwọ̀lú ti 1952 ní àyè kékeré kan tí àwọn lọ́yà ń pè ní H-2, èyí tó fún ìjọba láṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ wọlé. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ará Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká ti ń wá gé ìrèké ní Florida. Àwọn olóko California ronú pé bí ẹnu ọ̀nà bá ti tì, àwọn lè gba ojú fèrèsé. Ojú fèrèsé yẹn ni ìlànà oṣù Kejìlá 1964 gbé dọ́là 1.40 dí.

Ariwo sọ. Àwọn olóko ní strawberry máa jẹrà sínú oko. George Murphy, òṣèré fíìmù tẹ́lẹ̀ tí California ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ti sọ ọ́ pé iṣẹ́ náà bá àwọn ará Mẹ́síkò mu jù, torí pé wọ́n kúrú, wọn kò jìnnà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1965, Wirtz wọkọ̀ lọ sí California láti lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wọ ibùdó, ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibùsùn, kò sì fi ohun tó rí pa mọ́ fún àwọn oníròyìn. Ó wá yan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta, Benjamin Aaron tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní UCLA wà lára wọn, pé kí wọ́n máa gba òun nímọ̀ràn lórí oko tó nílò àlejò lóòótọ́ àti èyí tó kàn ń pariwo. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: kó tó dá ẹjọ́, ó fẹ́ kí ẹnìkan tí kò ní oko, tí kò sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wo ẹ̀rí.

Kò sí èyí tó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín tó ohun tó ṣe ní oṣù Karùn-ún. Ó kéde ètò A-TEAM, pé kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ní iṣan lára, lọ kórè nígbà ìsinmi. Ìjọba kó àwọn gbajúmọ̀ eléré ìdárayá jọ láti polówó rẹ̀. Ọmọkùnrin bíi 18,000 forúkọ sílẹ̀; nǹkan bíi 3,300 péré ló dé inú oko. Àwọn kan láti San Diego balẹ̀ sí Blythe, ní aṣálẹ̀ tó wà létí Arizona, láti ká cantaloupe, èso tó jẹ́ ìbátan bàrà. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí. Ewé èso náà ní irun wẹ́wẹ́ tó ń ya ọwọ́ bíi sánpépà, ooru sì ń kọjá ìwọ̀n 100 ní Fahrenheit. Owó wọn? Dọ́là 1.40 fún wákàtí kan, àti sẹ́ńtì díẹ̀ lórí àpótí kọ̀ọ̀kan. Ní ibòmíràn, àwọn ọmọ náà sá lọ sílé, àwọn mìíràn sì yanṣẹ́ lódì nítorí oúnjẹ àti ibùsùn. Wọn kò tún ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ́. Olóko rí i bí ẹ̀rí pé ọmọ Amẹ́ríkà kò lè ṣe iṣẹ́ oko. Ẹlòmíràn rí i bí ẹ̀rí pé ibi tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lè gbé fóònù pe oníròyìn kò ti lè sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn bracero ti ń sùn níbẹ̀ fún ọdún 22.

Ibi tí Wirtz àti àwọn lọ́yà rẹ̀ kò fojú sí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá bú jáde. Àjàrà ń pọ́n ní àfonífojì Coachella, wọ́n sì mọ̀ níbẹ̀ pé bracero tó bá gba ojú fèrèsé yẹn wọlé máa gba dọ́là 1.40. Àwọn ará Fílípíìnì tó ti ń já àjàrà ní California láti ìgbà èwe wọn wà nínú oko kan náà, iye tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n sì kéré sí i. Wọ́n bèèrè: àlejò tí kò tíì dé ni ìjọba fi ìwé dáàbò bò, àwa tó ti darúgbó sídìí iṣẹ́ yìí ńkọ́? Wọ́n yanṣẹ́ lódì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba dọ́là 1.40.

Ìkórè àjàrà máa ń lọ láti gúúsù sí àríwá, àwọn tó ń já a sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé Delano, àwọn olóko ibẹ̀ padà sí iye tó kéré. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án 1965, lẹ́yìn ìpàdé ní gbọ̀ngàn àwọn ará Fílípíìnì, Larry Itliong, aṣáájú wọn, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ọjọ́ òmìnira Mẹ́síkò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko ti César Chávez àti Dolores Huerta péjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì dìbò láti dara pọ̀ mọ́ wọn. Dọ́là 1.40 fún wákàtí kan àti sẹ́ńtì 25 fún àpótí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bèèrè. Ìjà yẹn gba ọdún márùn-ún. Ó sọ àjàrà di ohun tí àwọn ìyàwó ilé ní New York kọ̀ láti rà, kí àwọn olóko Delano tó fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù Keje 1970. Ìtàn Chávez ni gbogbo ayé mọ̀. Ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ pé inú ìlànà lọ́yà ìjọba ni iye tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ti jáde.

Ní Washington, àwọn aṣòfin ti gbógun ti Wirtz. Spessard Holland, aṣòfin àgbà láti Florida, ìpínlẹ̀ ìrèké, fẹ́ kí wọ́n gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n gbé e fún mínísítà ọ̀gbìn, tí àwọn olóko kà sí ẹni tiwọn. Ìbò dọ́gba nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní oṣù Kẹsàn-án 1965. Ìbò igbákejì ààrẹ, Hubert Humphrey, ló dá àbá náà nù.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá, ni Ààrẹ Johnson jókòó lábẹ́ ère Òmìnira ní New York tó buwọ́ lu òfin ìwọ̀lú tuntun. Gbogbo ayé ń sọ pé òfin náà pa ètò ìpín tó fi ojú rere hàn sí àwọn ará Yúróòpù rẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣùgbọ́n àwọn lọ́yà inú ọ́fíìsì Wirtz rí ohun mìíràn tí kò gba àyè nínú ìròyìn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ títí ayé lè wọlé, àyàfi bí mínísítà bá sọ pé ó máa pa ọmọ onílẹ̀ lára. Òfin tuntun yí i sódì: kò sẹ́ni tó máa wọlé nítorí iṣẹ́, àyàfi bí mínísítà bá kọ́kọ́ jẹ́rìí pé kò ní pa wọ́n lára. Ẹrù ẹ̀rí kúrò léjìká ìjọba, ó bọ́ sí ti agbanisíṣẹ́. Wọ́n mú ìbéèrè tí wọ́n ń bi olóko lẹ́túùsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi bi ilé ìwòsàn, yunifásítì àti iléeṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó gba ọ̀nà iṣẹ́ gba gíríìn káàdì ní Houston tàbí Maryland ti gba ìlẹ̀kùn yìí kọjá. Agbanisíṣẹ́ wọn polówó iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn, ó dúró, ó kọ ìdí tí àwọn tó wá kò fi yẹ, lẹ́yìn náà ló tó fi ìwé ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Láti 2005, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é lábẹ́ ètò PERM. Nígbà kan rí, ẹni tí kò ní agbanisíṣẹ́ tó máa ṣe wàhálà yẹn fún un máa ń dúró de lọ́tírì físà tí òfin 1990 dá sílẹ̀, èyí tí kò bèèrè lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba ọ̀nà mìíràn wọlé kọjá 50,000 láàárín ọdún márùn-ún, wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò nínú lọ́tírì náà láti èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 2015.

Ní ti California, àwọn olóko kò jókòó sunkún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jack Hanna ní yunifásítì Davis ti ń wá irúgbìn tòmátì tí awọ rẹ̀ le, tó sì ń pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Coby Lorenzen, onímọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì kan náà, sì ṣe ẹ̀rọ tó lè kórè rẹ̀. Kí bracero tó lọ, ìwọ̀nba olóko ló ra ẹ̀rọ náà. Nígbà tó fi máa di 1968, ẹ̀rọ ló ń kórè èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì tí wọ́n ń fi ṣe tòmátì alágolo ní ìpínlẹ̀ náà. Iye àwọn ará Mẹ́síkò tó wọlé fún iṣẹ́ oko onígbà díẹ̀ já láti nǹkan bíi 178,000 ní 1964 sí nǹkan bíi 20,000 ní 1965.

Ní 1967, ẹjọ́ dé ilé Wirtz fúnra rẹ̀. Ó ti gbà kí àwọn bracero díẹ̀ gba ojú fèrèsé H-2 wọlé wá ká tòmátì. Àwọn lọ́yà ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ California Rural Legal Assistance, tí owó ìjọba àpapọ̀ fún ìgbógunti òṣì ń gbọ́ bùkátà wọn, pè é lẹ́jọ́ lórúkọ àwọn òṣìṣẹ́ oko: wọ́n ní kò tíì wádìí tó kó tó jẹ́rìí pé ọmọ onílẹ̀ kò sí. Ìjọba ń sanwó fún lọ́yà tó ń pe ìjọba lẹ́jọ́, lọ́yà ìjọba sì ń dáhùn. Ẹjọ́ náà parí sí àdéhùn tó mú ìlànà ìjẹ́rìí náà le sí i. Wirtz tó ti ń bi àwọn olóko pé ẹ̀rí dà, òun náà wá rí ẹni tó bi í.

Ṣé ọmọ onílẹ̀ jèrè nínú gbogbo rẹ̀? Ní 2018, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Michael Clemens, Ethan Lewis àti Hannah Postel, tẹ ìwádìí jáde lórí àkọsílẹ̀ ìgbà náà. Wọ́n fi owó ọ̀yà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó lo bracero púpọ̀ wé ti àwọn tí kò lò wọ́n, wọn kò sì rí i pé lílé àwọn bracero lọ ló gbé e sókè. Olóko ra ẹ̀rọ, tàbí kó gbin nǹkan mìíràn. Ìwádìí yẹn le láti jiyàn lé lórí, síbẹ̀ ohun kan wà tí òǹkà ìpínlẹ̀ kò lè fi hàn lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó tíì rí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní California nígbà tí bracero ṣì wà láti fi dí àyè ẹni tó yanṣẹ́ lódì. Oṣù mẹ́jọ ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí òfin náà kú ni ti Delano bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá 1986, Ààrẹ Reagan buwọ́ lu òfin tó sọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 èèyàn tí kò ní ìwé di oníwèé. Òfin kan náà pín H-2 sí méjì, ó sì ya H-2A sọ́tọ̀ fún oko. Ẹni tó bá ka ìlànà H-2A máa bá àwọn ohun tó wà nínú ìwé bracero pàdé níbẹ̀: ibùgbé ọ̀fẹ́, owó ọkọ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjọ́ iṣẹ́, àti iye owó tí ìjọba là fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí àlejò má bàa pa ọmọ onílẹ̀ lára.

Àwọn bracero ìgbà ogun náà ní ẹjọ́ tiwọn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó wọn ni wọ́n ń yọ, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí báńkì ní Mẹ́síkò pé kí wọ́n wá gbà á bí wọ́n bá padà délé. Ọ̀pọ̀ kò rí i gbà. Ní 2001, àwọn arúgbó náà lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní San Francisco. Ní 2008, ìjọba Mẹ́síkò gbà láti san nǹkan bíi dọ́là 3,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ gbà á ní láti mú ìwé àdéhùn, ìwé owó iṣẹ́ tàbí ìwé ìdánimọ̀ ìgbà náà wá.

Wirtz kúrò nípò ní ìbẹ̀rẹ̀ 1969, ó sì kú ní Washington ní 2010, lẹ́ni ọdún 98. Ní 2023, iye àyè iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ buwọ́ lù lábẹ́ H-2A ti tó 378,000, ará Mẹ́síkò ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó wá ṣe é. Bí iye owó tuntun bá ti jáde, àwọn olóko á ní ó ti pọ̀ jù, àwọn agbẹjọ́rò òṣìṣẹ́ á ní kò tó, ẹjọ́ á sì dé iwájú adájọ́, níbi tí lọ́yà ìjọba kan yóò ti dìde láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀.